Àṣẹ́kù, Ẹyẹ Tí Mo Sìn Nílé Màmá Bódìjà

Ata ni mo bá lọ sí ọjà Bódìjà lọ́sẹ̀ tó kọjá, kì í ṣe adìẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo gbà wọlé já sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òròmọdìẹ, àwọn tó ń kó wọn sínú páálí tí wọ́n dáhò sí lára kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé. Ariwo wọn gba gbogbo ibẹ̀ kan, wíyọ́-wíyọ́-wíyọ́, bí ẹni pé ìyá kan náà ni gbogbo wọn ń bèèrè. Bí ìyá tó ń tà wọ́n ṣe ń bá oníbàárà nájà lọ́wọ́ ló ki ọwọ́ bọ inú páálí, ó fi ìka méjì mú èyí tó ti kú láàárín wọn, ó jù ú sí gọ́tà, kò sì dá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró. Ẹni tó ń ta òròmọ tí yóò tún máa sunkún èyí tó bá kú, ilé ni kó kúkú jókòó sí.

Ohùn wọn ló dá mi dúró. Mo ti sin ọ̀kan rí tó ń ké báyẹn gan-an, láti ìgbà tí kò ní ìyẹ́ kankan lára títí tó fi di ẹyẹ ńlá. Àṣẹ́kù lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe adìẹ, kì í tilẹ̀ ṣe ohun ẹlẹ́mìí. Inú géèmù ló ń gbé. Síbẹ̀, nílé Màmá Bódìjà, bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́ adìẹ ni wọ́n ṣe dá ẹjọ́ rẹ̀, ẹjọ́ náà ni mo sì fẹ́ rò fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò bá wa jẹ nínú ayé yẹn.

Màmá Bódìjà ni ìyá tó bí bàbá mi. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìbàdàn, àdúgbò la fi ń dá àwọn ìyá àgbà mọ̀. Ìyá tó bí màmá mi ni Màmá Mọ́kọ́lá, kò sì sí ọmọ-ọmọ tó jẹ́ dán an wò kó pe èyíkéyìí nínú wọn lórúkọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá Bódìjà, onítẹ̀bọmi paraku, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti gbàgbé gbogbo ọmọ tó kọ́ ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò gbàgbé pàṣán. Lẹ́yìn ilé rẹ̀ ló ti ń sin adìẹ. Tí wọ́n bá ti pọ̀ ju àyè lọ, á gbé abo kan fún ará àdúgbò kan kó bá a sìn, wọ́n á sì máa pín àwọn ọmọ tó bá pa. Abo náà fúnra rẹ̀ kò kúrò ní tirẹ̀ láéláé. Ó lè wà nílé onílé fún ọdún mélòó kan. Tí Màmá bá kọjá níwájú ibẹ̀, á dúró wò ó bí ẹni wo ọmọ tó fi sí bọ́dìn.

Gbogbo ọlidé gígùn ni wọ́n máa ń kó àwa ọmọ-ọmọ jọ síbẹ̀. Àwa mẹ́rin ni. Bọ̀dá Dèjì, àkọ́bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni àgbà wa. Irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n rẹ̀ nígbà náà, díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń fọwọ́ pa á kí ẹni tí kò bá rí i lè rí i. Àǹtí Bímpé, àbúrò rẹ̀, ló tẹ̀ lé e. Ríńgì Róòdù ni wọ́n ti ń wá. Wálé, ọmọ àbúrò bàbá mi, fi ọdún kan péré jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé ọdún kan náà rí. Èmi tí mò ń ti Ṣálẹ́ńjì bọ̀ ni àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, olórí ńlá, tínrín bí ìgbálẹ̀.

Òfin ilé yẹn kò pọ̀. Ẹni tó bá dàgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Tí Màmá bá gbé ẹran kalẹ̀, Bọ̀dá Dèjì á mú, Àǹtí Bímpé á mú, Wálé á mú, èmi á wá gba ohun tó bá ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń pín omi ìwẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pín ibi tí èèyàn máa sùn sí lẹ́bàá fèrèsé, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pín àga iwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọrùn adìẹ ni mo máa ń jẹ. Mo jẹ ẹ́ títí mo fi rò pé tí ènìyàn bá pa adìẹ, kò sí ohun mìíràn lára rẹ̀ ju ọrùn lọ.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, àbúrò bàbá wa kan tó wà ní ìlú òyìnbó fi géèmù pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ó ní fún àwọn ọmọ ni. Kò dárúkọ ọmọ kankan. Nínú géèmù náà, èèyàn á máa rin igbó kiri, á máa fi bọ́ọ̀lù mú àwọn ẹranko abàmì, á sì máa kó wọn jà. Èyí tó bá ń borí á máa dàgbà, èyí tó bá sì dàgbà tó, á para dà, á di òmíràn tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ẹni méjì kò lè bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀; tí ẹnì kejì bá bẹ̀rẹ̀, ti ẹni àkọ́kọ́ ti parẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ìrìn àjò kan la jọ ń rìn, a sì pín àwọn ẹranko ibẹ̀ bí ẹni pín ẹran inú ọbẹ̀.

Bọ̀dá Dèjì mú ẹkùn kan tí iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àǹtí Bímpé mú ọ̀nì. Wálé mú òkúta kan báyìí tó lójú, tó lẹ́nu, tó sì ń fi orí kan nǹkan. Èyí tó kù ni ẹyẹ pípọ́n kan tí kò ní ìyẹ́, tí ojú rẹ̀ kò tíì là, tí orí rẹ̀ wúwo débi pé ó ń fà á síwájú. Tí ẹ bá ní kó jà, ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó ké. Á ké wíyọ́, géèmù á sì kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Èyí tó kù nìyẹn, mú tìẹ," ni Bọ̀dá Dèjì wí. Géèmù bèèrè orúkọ tí a fẹ́ sọ ọ́. Bọ̀dá Dèjì kò bi mí, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀: Àṣẹ́kù. Mo ní ṣé kò ní jẹ́ kí n fún un lórúkọ gidi ni. Ó ní, "Kí lo tún fẹ́ pè é? Kì í kúkú ṣe ẹran àyà."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bọ̀dá Dèjì wà lọ́jà, òun gan-an ló sì ń wọ́ orí ọmọ náà kiri. Níbikíbi tí ọ̀tá bá ti le, Àṣẹ́kù ló máa kọ́kọ́ tì síwájú. Ọ̀tá á máa lù ú, òun á máa fi àkókò yẹn fún ẹkùn tirẹ̀ lóògùn. Tí Àṣẹ́kù bá ti ṣubú, á fò sẹ́yìn díẹ̀, á yí gbirigbiri, á dùbúlẹ̀, àwọn tó kù á sì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kì í tilẹ̀ ṣe nítorí oògùn mọ́. Wọ́n á kàn pe ara wọn jọ pé ẹ wá wò ó bó ṣe fẹ́ kú. Wálé mọ ohùn rẹ̀ sín jẹ. Tí mo bá ti wọ yàrá, á ké wíyọ́, á ṣubú lulẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Àǹtí Bímpé tí kì í sábà bú ènìyàn ló kọ́kọ́ sọ pé orí èmi àti ẹyẹ náà jọra. Láti ọjọ́ náà, èmi pẹ̀lú di Àṣẹ́kù nínú ilé yẹn.

Mo mú ẹjọ́ lọ bá Màmá. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó ń ṣa ẹ̀wà sínú àtẹ, àwọn adìẹ rẹ̀ ń bá a ṣa èyí tó bá bọ́ sílẹ̀. Mo ní Bọ̀dá Dèjì ń jẹ́ kí wọ́n pa ẹyẹ mi.

"Ó ti kú?"

"Ó dákú ni, Mà."

"Ṣé ó jí?"

"Bọ̀dá gbé e lọ sí ọsibítù." Òótọ́ ni, ọsibítù wà nínú géèmù náà, kì í sì í dá ẹnikẹ́ni dúró.

Màmá wò mí. "Ẹni tó dákú tó tún jí, ṣé ọpẹ́ là ń dá ni àbí ẹkún là ń sun? Kọjá síbẹ̀ yẹn, o dí oòrùn mọ́ mi."

Mo wá rí i pé tí wọn kò bá níí pa Àṣẹ́kù mọ́, àfi kó dàgbà. Ẹyẹ tí kò lè jà kò sì lè dàgbà, àfi tí ẹnì kan bá bá a jà. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí mo fojú ara mi wá rí: tí Àṣẹ́kù bá kọ́kọ́ yọjú síta, kódà kó má ṣe nǹkan kan, tí mo bá yára fà á wọlé tí mo sì ju òkúta Wálé sílẹ̀ dípò rẹ̀, géèmù á pín èrè ìjà náà fún àwọn méjèèjì. Bí mo ṣe ń sìn ín nìyẹn. Á yọjú, á ké, n óò fà á wọlé. Nígbà mìíràn ọwọ́ mi kì í yá tó, ọ̀tá á ti gbá a kan kó tó wọlé, ó sì di kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù.

Àsìkò tèmi ló le jù. Bí a ṣe ń pín ẹran náà la ṣe ń pín wákàtí, èmi ló kẹ́yìn, nígbà tó bá sì fi máa kàn mí, iná pupa kékeré tó wà lára géèmù ti ń ṣẹ́jú, bátìrì ti ń kú lọ. Ohun tí wọ́n bá lò kù ni wọ́n ń gbé fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi wáyà gba iná sínú fóònù, ẹ kò mọ ohun tí à ń pè ní bátìrì sísá. A máa ń yọ wọ́n, a ó tò wọ́n sórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, a ó máa yí wọn bí ẹni ń yí èlùbọ́. Tí wọ́n bá gbóná, wọ́n á tún sọjí fún ìgbà díẹ̀. Tí oòrùn bá kọ̀ tí kò ràn, eyín la máa ń fi gé wọn lára. Mo gé bátìrì títí ẹnu mi fi ń rùn bí irin. Gbogbo ọ̀sán tí Bọ̀dá Dèjì bá ti lọ sí lẹ́sìn Jáḿbù ní Àgbowó, tí Àǹtí Bímpé ń sùn, tí Wálé ń gbá bọ́ọ̀lù, èmi á wà lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé láàárín àwọn adìẹ, n óò máa sin ẹyẹ mi.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi bò níbẹ̀. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo sọ fún un pé ojú rẹ̀ máa là. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dàgbà tí mo tún rò ó ni bí ọwọ́ mi ṣe le sí gbogbo ohun tó kù. Kòkòrò wẹ́wẹ́ ló pọ̀ nínú igbó tí mo ti ń sìn ín, àwọn tí kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Mo fi òkúta Wálé fọ́ wọn lórí, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, lójoojúmọ́, láìrojú. Àwọn náà ní ohùn tí wọ́n fi ń ké. Èmi tí mo sunkún Àṣẹ́kù títí ojú mi wú, n kò sunkún ẹyọ kan nínú wọn.

Ọlidé ti fẹ́ẹ̀ parí kí ojú rẹ̀ tó là. Ojú géèmù kàn ṣàdédé funfun, orin kan bẹ̀rẹ̀, ẹyẹ pípọ́n náà ń gbọ̀n, ó ń tóbi. Mo rò pé bátìrì ló fẹ́ kú, mo fi ọwọ́ méjèèjì di géèmù náà mú, mo ń bẹ Ọlọ́run. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ náà lọ, ẹyẹ kan dúró síbẹ̀ tí ojú géèmù kò gba apá rẹ̀ tán. Ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, èékánná rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ sì là kedere. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: Àṣẹ́kù. Igbe tí mo ké lé gbogbo adìẹ Màmá wọ abẹ́ igi máńgòrò. Àǹtí Bímpé jí, Wálé sáré wọlé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ó wò ó, ó tún un wò, kò sì sín ohùn kankan jẹ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Bọ̀dá Dèjì dé láti lẹ́sìn, kò bọ́ bàtà tó fi gba géèmù lọ́wọ́ mi. Ọ̀tá kan wà tó ti dí wa lọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí ẹkùn rẹ̀ kò lè borí. Ó ju Àṣẹ́kù sí i. Ìgbá kan péré, ọ̀tá ti wólẹ̀. Bọ̀dá Dèjì rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Ṣé ìwọ náà rí i? O bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa o."

O bá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré yẹn yé mi. Kí n tó wí nǹkan kan, ó ti ní òun ti mú ekòló kan nínú igbó lánàá, kí n máa mú ìyẹn báyìí. Ó ní ekòló náà kò burú, tí mo bá lè ṣe sùúrù fún un.

Ìgbà kejì nìyẹn tí mo mú ẹjọ́ lọ bá Màmá Bódìjà. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wa la lọ, Màmá sì gbé àga síta. Ẹ má rò pé ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó gbọ́ tẹnu mi tán, ó gbọ́ tẹnu Wálé tó jẹ́rìí pé òkúta òun ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀, ó wá ní kí Bọ̀dá Dèjì sọ tirẹ̀. Ọmọ tó ń lọ lẹ́sìn Jáḿbù kúkú mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

"Màmá, ta ló mú un nínú igbó? Èmi ni. Bọ́ọ̀lù ta ni mo fi mú un? Bọ́ọ̀lù mi ni. Mo kàn gbé e fún un kó bá mi máa sìn ín ni. Ẹ̀yin náà ẹ gbé adìẹ fún Ìyá Sùlíyà lọ́ọ̀kán. Ṣé adìẹ yẹn ti wá di ti Ìyá Sùlíyà ni?"

"Kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Màmá dáhùn, kíá. Ó yíjú sí mi. "Ṣé òun ló mú un lóòótọ́?"

"Òun ni, Mà. Ṣùgbọ́n ó ní kí n mú tèmi."

"Ó ti yé?"

"Kí ni, Mà?"

"Ẹyẹ náà. Ó ti yé ẹyin? Ó ti pa ọmọ kankan?"

Mo wo Bọ̀dá Dèjì. Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Rárá, Mà. Kì í yé."

Màmá gbọn ìdọ̀tí ẹ̀wà kúrò lára ìró rẹ̀. "A jẹ́ pé kò tíì sí ohun tí a fẹ́ pín. Lọ́jọ́ tó bá pamọ, ọmọ àkọ́kọ́ tìrẹ ni, n óò dúró lé e lórí. Ìyá rẹ̀, ti Dèjì ni. O ṣeun tí o sìn ín. Ọmọ dáadáa ni ọ́."

Ẹjọ́ náà tọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Tó bá jẹ́ pé ó lé mi ni, tàbí ó nà mí, n óò rí ohun tí n óò di mú láti fi bínú sí i. Ṣùgbọ́n ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà, ó wò mí lójú, ó sì fi òtítọ́ inú gba ẹyẹ mi lọ́wọ́ mi. Ó wá ní kí Bọ̀dá Dèjì fi géèmù náà sílẹ̀ fún mi títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí n fi dágbére. Inú Bọ̀dá Dèjì dùn débi pé kò jiyàn. Ó tilẹ̀ ní kí n bá òun sá bátìrì náà dáadáa kí ó lè gbóná kó tó kàn án, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sá bíi tèmi.

Mo sá wọn lóòótọ́. Mo yí wọn títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó mi lọ́wọ́. Mo kó wọn sínú géèmù, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sì lọ síbi tí wọ́n kó orúkọ àwọn ẹranko sí. Ohun kan wà níbẹ̀ tí Bọ̀dá Dèjì ti lò rí fún àwọn ẹranko tí kò wù ú: èèyàn lè tú ẹranko sílẹ̀. Tí ẹ bá tú u sílẹ̀, ó lọ, kò níí padà, ẹ kò sì lè rí òun kan náà mọ́ láéláé. Mo tẹ̀ ẹ́. Géèmù bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo wo Àṣẹ́kù, ẹyẹ dúdú ńlá, ojú rẹ̀ tó là. Kò mọ nǹkan kan. Mo ní ó dá mi lójú. Ó ké ní ẹ̀ẹ̀kan, pẹ̀lú ohùn tó ti nípọn, géèmù kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dàbọ̀, àyè rẹ̀ sì ṣófo. N kò dúró níbẹ̀. Mo lọ síbi ìpamọ́, mo pa á mọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i dá padà.

Nígbà tó di ọ̀sán, Bọ̀dá Dèjì gba géèmù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn. "Ibo lo gbé e sí?"

"Mo ti tú u sílẹ̀."

Ìgbátí tó fún mi gbé mi kan ògiri. Ó tún fún mi ní òmíràn. N kò ké. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọmọkùnrin onírùngbọ̀n, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ikun ń jáde nímú rẹ̀, ó ń pe orúkọ tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ẹyẹ náà ní gbogbo ọlidé. Ó dùn mọ́ mi nínú. Etí mi ń hó, mo sì ń wò ó, ó ń dùn mọ́ mi ni.

Ariwo náà ló gbé Màmá wọlé, pàṣán lọ́wọ́. Wọ́n rò fún un. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni.

"Òótọ́ ni, Mà."

"Ìyẹn ni pé o ti pa á?"

Mo rò ó wò. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Gbogbo wa ń wo pàṣán. Màmá dúró, ó ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. "Dèjì, dìde nílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ní kó bá wọn sin adìẹ kì í pa á, ẹ̀rù ẹni tó ni ín á máa bà á. Ẹni tó ni adìẹ nìkan ló ń pa á. Mo ṣi ẹjọ́ náà dá lánàá. Ti ọmọ yìí ni." Ó yíjú padà, ó lọ gbé ọbẹ̀ ka iná. Nígbà tó pín ẹran lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọrùn náà ló tún kàn mí.

Gbogbo rẹ̀ ti lọ báyìí. Màmá Bódìjà ti sùn, ilé náà ti di ọ́fíìsì àwọn kan, wọ́n ti gé igi máńgòrò, wọ́n da ọ̀dà sí ibi tí mo ti ń sá bátìrì. Bọ̀dá Dèjì ti di olórí ẹbí wa, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún, ó sì ti funfun. Nígbà tí a pàdé ní Dùgbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo bi í léèrè Àṣẹ́kù. Ó ronú títí, ó ní òun rántí pé a ní géèmù kan, ṣùgbọ́n òun kò rántí ẹyẹ kankan. Ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tó ń purọ́. Mo ti ń gbé ẹkún rẹ̀ yẹn kiri bí ẹ̀bùn láti ìgbà èwe mi, olùwarẹ̀ kò sì mọ̀ pé òun fún mi ní nǹkan kan.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní fóònù tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹranko tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni pín bátìrì. Kò burú bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ kí ọmọ mi jẹ ọrùn adìẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ lọ́jọ́ náà, pé ẹni tó ni adìẹ ló ń pa á, kò tíì gbó. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀gá níbi iṣẹ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ sí aya, lẹ́nu òbí sí ọmọ, kódà nígbà tí wọn kò ṣí ẹnu. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ìyìn ni Màmá fi yìn mí, tàbí ó kàn rí ohun kan lára mi tó sì pè é ní orúkọ rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo ti ọjà dé, mo rò ó fún ọmọ mi obìnrin bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́. Òun náà ń sin ọ̀kan nínú fóònù rẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"Mọ́mì, tí ẹ bá ti gbé e fún Ańkù Dèjì ńkọ́? Ṣé kò ní wà láàyè ni?"

"Á wà láàyè."

"Ẹ ó sì máa rí i?"

"N óò máa rí i lójoojúmọ́, lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó jẹun díẹ̀ sí i. "Ṣé tó bá jẹ́ òní, ẹ ó tún ṣe é?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó nu ọwọ́, ó rọra mú fóònù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì níwájú mi, ó gbé e lọ sí yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.